Oru Mẹ́rin Lórí Odò Rhine àti Mosel: Ohun Tí Ìrírí Kọ́ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ mélòó kan lórí odò Rhine, wákàtí ojúmọmọ ni kó kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè irú yàrá tí wọ́n máa fún un tàbí irú oúnjẹ tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀. Ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan fàyè gba àṣìṣe. Ti oru mẹ́rin kò gbà á. Bí ọkọ̀ bá gba ibi tó rẹwà jù lọ kọjá nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, kò tún sí ọjọ́ mìíràn tí ẹ máa fi rí i. Owó ti lọ, òkùnkùn lẹ sì wò. Ẹ̀kọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lójú omi yẹn, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe òpó tí mo máa so ìyókù mọ́.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù fún ìrìn àjò kúkurú ni mò ń sọ. Ọkọ̀ á gbéra ní Cologne, ní Jámánì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní. Á fi òru rìn dé Koblenz, á yà sínú odò Mosel lọ sí Cochem, á padà sí Rhine, á gòkè lọ sí Rüdesheim, lẹ́yìn náà á bá ìṣàn omi padà sí Cologne. Àwọn ìlú àtijọ́ àti oko àjàrà tí gbogbo èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá wà láàárín Koblenz àti Rüdesheim, lórí nǹkan bíi kìlómítà 65 péré. UNESCO sọ ibẹ̀ di ogún àgbáyé ní ọdún 2002. Ilé olódi tó wà lórí àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ odò náà tó bí 40.

Létí odò Rhine, pátákó wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà kìlómítà sí. Láti afárá Konstanz ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó sì ń pọ̀ sí i bí odò ṣe ń lọ sí òkun. Rüdesheim wà ní 526, Kaub ní 546, àpáta Loreley ní 554, Koblenz ní 592, Cologne ní 688. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sórí bébà kékeré kan, ẹ fi í sápò. Òun ló máa sọ fún yín ibi tí ẹ wà ju ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ọkọ̀ lọ, torí pé nígbà tí wọ́n bá fi máa pe orúkọ ilé olódi kan tán ní èdè mẹ́ta, ó ti wà lẹ́yìn yín.

Ẹ wá wo ìṣirò náà. Láti Koblenz sí Rüdesheim, ọkọ̀ tó dojú kọ ìṣàn omi máa lò tó wákàtí mẹ́fà. Láti Rüdesheim padà sí Koblenz, tí omi ń tì í lẹ́yìn, bíi wákàtí mẹ́rin ni. Láti Cochem dé Koblenz jẹ́ kìlómítà 51, ó sì ní lọ́ọ̀kì mẹ́ta (yàrá omi tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ lójú odò), ẹ kà á sí wákàtí márùn-ún. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Cochem ní aago kan ọ̀sán, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa dé Koblenz, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè Rhine. Nínú oṣù Kẹfà, kò burú, nítorí oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ lápá ibẹ̀. Ní àárín oṣù Kẹwàá, oòrùn ti wọ̀ kó tó di aago méje, ọkọ̀ náà ò sì tíì rìn jìnnà sí Koblenz. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí wọ́n ń ná ọjà Kérésìmesì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú. Nítorí náà, ìrìn àpadàbọ̀ láti Rüdesheim ni ẹ gbọ́dọ̀ dì mú. Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí èèyàn bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò ju ọ̀kan lọ: aago mélòó gan-an lẹ máa kúrò ní Rüdesheim, aago mélòó lẹ sì máa kọjá ní Koblenz? Bí wọ́n bá dáhùn pé "ní alẹ́ ọjọ́ kẹta" tàbí "kí ilẹ̀ tó mọ́," ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi san owó oru mẹ́rin kó sì fi orun gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbà wo ló dáa jù? Òpin oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Kẹfà ni tèmi. Ojúmọmọ gùn, òtútù ti dín kù, omi sì sábà máa ń wà ní ìwọ̀n. Oṣù Kẹsàn-án náà dára, nítorí pé ìgbà náà ni àwọn ìlú kéékèèké máa ń ṣe ọdún wáìnì tí ìkórè àjàrà sì ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìgbà náà ni omi máa ń fà jù.

Ọ̀rọ̀ omi yìí, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í díẹ̀. Láti Iffezheim, lẹ́bàá ibodè Faransé, ni Rhine ti ń ṣàn wálẹ̀ láìsí lọ́ọ̀kì tàbí ìsédò tó ń gbé omi rẹ̀ ró. Bí ọ̀dá bá dá, ó máa fà. Bí yìnyín orí òkè bá yọ́ tí òjò sì dà lé e, ó máa kún. Ibi tí omi ti kéré jù fún ọkọ̀ ni Kaub, nítorí pé òkúta ló wà nísàlẹ̀ odò níbẹ̀. Òpó ìwọ̀n kan wà ní Kaub tí gbogbo atukọ̀ Rhine ń wò láràárọ̀. Nọ́ńbà tó ń gbé jáde kì í ṣe jíjìn omi. Èyí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: wọ́n á rí "sẹ̀ǹtímítà 78," wọ́n á rò pé omi ò ju orúnkún lọ. Nígbà tí òpó náà bá wà ní 78, ojú ọ̀nà ọkọ̀ jìn tó mítà 1.90. Ẹ kàn fi bíi mítà kan àti díẹ̀ kún nọ́ńbà tí ẹ bá rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ó já sí sẹ̀ǹtímítà 25, èyí tó fi hàn pé ojú ọ̀nà kò jìn ju nǹkan bíi mítà 1.40 lọ. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lè dín ẹrù rẹ̀ kù. Ọkọ̀ èrò kò lè dín yàrá rẹ̀ kù.

Lódì kejì, bí òpó Kaub bá dé mítà 4.60, wọ́n á ní kí ọkọ̀ dín eré kù kó sì máa rìn láàárín odò, kí ìgbì rẹ̀ má bàa ba etí odò jẹ́. Bó bá dé mítà 6.40, kò sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ rìn mọ́. Ní Cologne, nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ mítà 6.20 àti 8.30. Ìkànnì ìjọba Jámánì tí wọ́n ń pè ní ELWIS máa ń gbé ìwọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò ni kí ẹ ti máa wò ó. Ẹ má wo ti ọjọ́ kan péré, ẹ wo bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Bí omi bá kọ̀, kí ni ilé iṣẹ́ máa ṣe? Àdéhùn tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún wọn láṣẹ láti fi bọ́ọ̀sì gbé yín káàkiri, láti mú yín sùn nínú ọkọ̀ tó so mọ́ èbúté, tàbí láti gbé yín sí òtẹ́ẹ̀lì, láìdá kọ́bọ̀ padà. Ẹ ka apá yẹn nínú àdéhùn kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo bóyá ìnṣọ́ránsì yín sọ̀rọ̀ lórí omi tó kún tàbí tó fà, torí pé ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò lásán sábà máa ń fò ó dá. Àìka apá yìí ló ń fa ìjà jù lọ láàárín èrò àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ tó dúró síwájú yín kọ́ ló fa odò gbẹ.

Mosel yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ti sé òun ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn. Faransé, Jámánì àti Luxembourg tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 1956, wọ́n sì ṣí ọ̀nà omi náà fún ọkọ̀ ńlá ní 1964. Láti Koblenz dé Trier, lọ́ọ̀kì mẹ́wàá ló wà. Àwọn mẹ́ta tó wà kí ẹ tó dé Cochem ni Koblenz, Lehmen àti Müden.

Lọ́ọ̀kì jẹ́ yàrá omi gígùn tí wọ́n fi kọnkéré mọ, tó ní ilẹ̀kùn irin níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé nísàlẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á jẹ́ kí omi òkè ṣàn wọlé nípa ihò abẹ́ ilẹ̀, omi á sì gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú odò tó wà níwájú, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Kò gba ẹ̀rọ fífà kankan, ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Yàrá náà fẹ̀ ní mítà 12. Ọkọ̀ fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 11.4. Ẹ rí i pé ohun tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí sẹ̀ǹtímítà 30, ọwọ́ méjì tí èèyàn nà pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá dúró síta, ẹ óò rí ewéko omi àti ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé lára ògiri tó ń kọjá lójú yín, ẹ óò gbọ́ òórùn odò tútù. Ẹ má na ọwọ́ tàbí fóònù kọjá irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 110 tàbí 135 kò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló wà láàárín òun àti kọnkéré. Lọ́ọ̀kì kan máa ń gba ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí kò bá sí ọkọ̀ níwájú. Bí ọkọ̀ ẹrù bá ti wà lórí ìlà, ẹ lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí lọ́ọ̀kì kan bá bàjẹ́, gbogbo odò ti di títì pa nìyẹn, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọkọ̀ ẹrù kan lu ilẹ̀kùn lọ́ọ̀kì Müden. Nǹkan bí 70 ọkọ̀ ló há sókè odò, ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2025 kí wọ́n tó ṣí i padà. Yàtọ̀ sí ìjàǹbá, wọ́n tún máa ń dìídì ti àwọn lọ́ọ̀kì Mosel pa fún ọjọ́ mélòó kan láti tún wọn ṣe. ELWIS yìí kan náà ni wọ́n máa ń kéde ọjọ́ náà sí tipẹ́tipẹ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó yan ọjọ́.

Ohun mìíràn ni afárá. Àwọn afárá Mosel kò ga. Wọ́n á ká àga òrùlé ọkọ̀ nílẹ̀, wọ́n á wó ìbòòji, yàrá atukọ̀ á rẹ ara rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á sì ní kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n láti Koblenz títí dé ẹ̀gbẹ́ Mainz, kò sí afárá kankan lórí Rhine, ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbé mọ́tò sọdá ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé níbi tí ìran wà gan-an ni òrùlé ọkọ̀ ti máa ń wà ní ṣíṣí.

Yíyan yàrá kò gba àròjinlẹ̀. Àárín ọkọ̀ ló dákẹ́ jù. Ẹ̀yìn sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Iwájú sún mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń darí imú ọkọ̀, tó máa ń kùn lóru nígbà tí ọkọ̀ bá ń wọ lọ́ọ̀kì tàbí tó ń gúnlẹ̀. Fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá wà lókè orí èèyàn, kì í ṣí, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Mo máa ń dámọ̀ràn ìsàlẹ̀ fún ìrìn àjò oru mẹ́rin, nítorí pé ojúmọmọ ò yẹ kó bá yín nínú yàrá. Àfikún owó tí ẹ bá fẹ́ fi gba bákónì, ẹ mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ máa ń so mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní èbúté, nígbà míì mẹ́ta pọ̀. Ẹ ṣí aṣọ fèrèsé láàárọ̀, ojú yín ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú àlejò tó ń fọ eyín nínú ọkọ̀ kejì. Ẹ̀yin náà á máa gba inú ọkọ̀ wọn kọjá kí ẹ tó dé ilẹ̀.

Ẹ ra ohun ìdíetí. Reluwé ń gba etí odò méjèèjì kọjá lórí Rhine, ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì kún fún reluwé ẹrù ní gbogbo òru. Ní Rüdesheim, ojú irin wà láàárín èbúté àti ìlú gan-an.

Fún ẹ̀yin tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tí ẹ ń gbé ní Britain, físà Schengen ni ọ̀rọ̀ kàn. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa sun oru púpọ̀ jù ni ẹ máa bá lọ. Lórí ọ̀nà yìí, Jámánì ni, kódà bí ẹ bá gba Brussels kọjá nínú reluwé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Owó rẹ̀ fún àgbà jẹ́ yúrò 90 láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìnṣọ́ránsì ìlera yín sì gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Ìwé ìrìnnà náà gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò, kó má sì ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é. Ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa fún yín gbọ́dọ̀ to oru kọ̀ọ̀kan àti ìlú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kàn kọ "ìrìn àjò Rhine, oru mẹ́rin" kò tó. Ẹ ní kí wọ́n tún un kọ.

Ó tún ku oúnjẹ. Bí ẹ kì í bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá jókòó sídìí tábìlì, torí pé lápá ibẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gígé kéékèèké máa ń wà nínú ọbẹ̀ àti ọ̀dùnkún tí ojú kò ní tètè rí. Ẹni tí kì í mu ọtí kò pàdánù oko àjàrà náà: àwọn olóko ń ta omi àjàrà tí kò ní ọtí nínú, Traubensaft ni wọ́n ń pè é, ó sì dùn gan-an.

Ní ti wáìnì, ẹ̀yin tó mọ ẹmu ti mọ̀ ọ́n dé ìdajì. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ dùn, kò sì le. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti le, nítorí pé ìwúkàrà tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá olóko Mosel. Bó bá jẹ́ kí ìwúkàrà jẹ ṣúgà tán, wáìnì náà á gbẹ lẹ́nu, ọtí inú rẹ̀ á tó ìdá 12 nínú 100. Bó bá dá a dúró lágbede méjì, tó mú kí àgbá tutù tó sì sẹ́ ìwúkàrà kúrò, dídùn á ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ọtí rẹ̀ á sì wà ní nǹkan bí ìdá 8. Nítorí náà, bí ẹ kò bá gbọ́ èdè Jámánì rárá, ẹ yí ìgò sẹ́yìn, ẹ wo nọ́ńbà ọtí. Riesling, ìyẹn wáìnì tí wọ́n fi irú àjàrà funfun kan ṣe, tó bá jẹ́ 8 máa dùn. Èyí tó jẹ́ 12 kò ní dùn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló kù tí ẹ máa mọ̀. Trocken ni gbígbẹ, ṣúgà rẹ̀ kì í ju gíráàmù 9 lọ nínú lítà kan. Halbtrocken ń lọ dé 18. Lieblich kọjá ìyẹn, dé 45. Süß kọjá 45. Ẹ má da àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ Kabinett, Spätlese àti Auslese, tó ń sọ bí èso àjàrà ṣe pọ́n tó lọ́jọ́ tí wọ́n kó o, tí kì í sọ bí wáìnì ṣe máa dùn tó lẹ́nu. Spätlese tó jẹ́ trocken wà, kò sì dùn. Ọ̀pọ̀ ń ra Spätlese nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé ó máa ń dùn, wọ́n á délé, wọ́n á ṣí i, ojú á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Eiswein ni ti inú yìnyín: wọ́n ń jẹ́ kí èso náà dì lórí igi ní dígíríì 7 sísàlẹ̀ òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe dì, omi inú rẹ̀ á dúró gẹ́gẹ́ bí yìnyín, oje aládùn nìkan á jáde. Ìgò kékeré ni, ó sì wọ́n.

Kí ló dé tí wọ́n ń gbin àjàrà sórí òkè tí ewúrẹ́ á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gùn? Ibẹ̀ jìnnà sí àríwá, oòrùn kì í ga. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ìtànṣán rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ kọjá ni. Lórí òkè tó kọjú sí gúúsù, ó ń bọ́ lé ilẹ̀ tààrà. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ tó bo ilẹ̀ náà ń gba ooru lọ́sàn-án, ó sì ń tú u sílẹ̀ lóru. Ẹ mú ọ̀kan nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹfà, ẹ óò rí i pé ó ṣì gbóná lọ́wọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọbẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Òkè tó dagun jù ní ilẹ̀ Yúróòpù fún àjàrà, Calmont, ga bíi dígíríì 65. Ọkọ̀ tó ń yí padà ní Cochem kì í dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè wọ reluwé ní Cochem, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, Ediger-Eller. Odò yí po yí po láàárín ibi méjèèjì, bẹ́ẹ̀ reluwé gba ihò òkè kan tó gùn ní kìlómítà mẹ́rin àti díẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ óò rí àwọn ẹ̀rọ olójú irin kan ṣoṣo tí àwọn olóko ń gùn bí ìgbín gòkè náà, nítorí katakata kò lè débẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó gbogbo èso rẹ̀.

Láti tọ́ wáìnì wò, ẹ wá Straußwirtschaft. Òfin gba olóko láàyè láti ṣí ilé rẹ̀ fún èrò fún oṣù mẹ́rin péré lọ́dún, kí ó má ju ìjókòó 40 lọ, kó sì ta wáìnì tirẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ráńpẹ́. Ìdì ewé tàbí ìgbálẹ̀ tí wọ́n so sẹ́nu ọ̀nà ni àmì rẹ̀. Ẹ béèrè ìwọ̀n 0.1 lítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbẹ lọ sórí dídùn, torí pé bí ẹ bá ti kọ́kọ́ mu dídùn, gbígbẹ á dà bí ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́nu yín. Ẹ jẹ búrẹ́dì sí i, ẹ mu omi láàárín. Ẹ mú owó bébà lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo olóko ló ń gba káàdì. Ẹni tó bá ń padà sí Britain lè mú lítà 18 wáìnì wọlé láìsan owó ibodè, ìgò 24 nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, lítà kan péré ni.

Ní Cochem, ilé olódi Reichsburg ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀yìn afinimọ̀nà nìkan lẹ lè gbà wọ inú rẹ̀, ìrìn náà sì jẹ́ nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ìlà ti gùn. Ọmọ ogun Faransé ló wó o ní ọdún 1689. Oníṣòwò ará Berlin kan tó ń jẹ́ Louis Ravené ló tún un kọ́ láti 1868, nítorí náà, ohun tí ẹ máa rí jẹ́ bí àwọn èèyàn ìgbà yẹn ṣe rò pé ilé olódi àtijọ́ rí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wó rí ni Marksburg, lórí Rhine, lókè Braubach.

Koblenz, wákàtí méjì tó o. Ẹ wọ ọkọ̀ orí wáyà sọdá Rhine lọ sí odi Ehrenbreitstein, ẹ wo bí odò méjèèjì ṣe pàdé nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Deutsches Eck. Ní Rüdesheim, gbogbo èèyàn máa ń rọ́ lọ sí òpópónà Drosselgasse, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 144 péré, tó sì há. Èmi á ní kí ẹ kọjá lára rẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ orí wáyà gba òkè oko àjàrà lọ sí ère Niederwald tí wọ́n parí ní 1883, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn padà láàárín àjàrà. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kí ẹ wọ̀. Òkúta tí wọ́n tò sójú ọ̀nà àwọn ìlú wọ̀nyí máa ń yọ̀ bí òjò bá ti kán lé e. Bí ẹ bá sì pẹ́ tí ọkọ̀ fi yín sílẹ̀, ẹ má sunkún. Reluwé láti Cochem dé Koblenz kò tó wákàtí kan, ọkọ̀ ojú omi ń lo márùn-ún. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù ọkọ̀ àti orúkọ èbúté tó kàn sápò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń bá ìṣàn padà láti Rüdesheim, ẹ gòkè sórí òrùlé ọkọ̀ kó tó gbéra, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, nítorí afẹ́fẹ́ àfonífojì náà tutù kódà nínú oòrùn. Ẹ máa yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ilé ìṣọ́ kékeré tó wà lórí erékùṣù lẹ́bàá Bingen ló máa kọ́kọ́ wá, Mäuseturm. Bacharach á wá ní òsì. Lẹ́yìn náà ni Kaub, níbi tí ilé olódi funfun kan, Pfalzgrafenstein, ti dúró lórí òkúta láàárín odò bí ọkọ̀ tó dákọ̀ró. Ọba Ludwig ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1327 láti gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀. Iṣẹ́ oníbodè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé olódi wọ̀nyí ń ṣe, bí àwọn oníbodè ilẹ̀ wa ṣe ń jókòó sẹ́nu odi ìlú láyé ijọ́un. Kaub yìí náà ni ọ̀gágun Blücher ti kó ọmọ ogun Prussia sọdá lóru ọdún tuntun 1814, láti lé Napoleon. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni odò á há, á sì yí, àpáta Loreley á dìde lápá ọ̀tún, mítà 132. Iná aláwọ̀ wà létí odò níbẹ̀ tó ń sọ fún atukọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ láti kọ̀rọ̀ tí kò rí. Ẹ wo bí ọkọ̀ tó ń gòkè ṣe ń fa ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ etí odò, tí omi sì ń ru lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwókù Rheinfels ní òsì, lókè St. Goar, kí odò tó ṣe kọ́lọ́kọ́lọ́ ńlá yí oko àjàrà Boppard po, Marksburg ní ọ̀tún, Stolzenfels ní òsì, Koblenz ti dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn ní Cologne, wọ́n máa ní kí ẹ kúrò nínú yàrá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ẹ kó àpótí yín sí ibi ìkóẹrùsí nínú ibùdó reluwé, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàtídírà gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1248, wọn ò sì parí rẹ̀ títí di 1880. Ilé ìṣọ́ gúúsù ní àtẹ̀gùn 533. Ẹ gùn ún kí èrò tó dé, torí pé àtẹ̀gùn kan náà ni àwọn tó ń gòkè àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń lò, ó há, kò sì sí ẹ̀rọ agbéniròkè.